Owó Omi Gbígbóná, àti Irin Tí Wọ́n Fi Dí Páìpù

ÌBÉÈRÈ

Ìlú Indianapolis ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, a kó owó tí a ti ń tù jọ láti ìgbà tí a ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, a fi ra ilé ìfọmọ́tò kan tó ní ìsọ̀ mẹ́rin. Kì í ṣe irú tilé, níbi tí àwọn ọmọkùnrin ti ń fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ọkọ̀ fún èèyàn. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò wakọ̀ wọ ìsọ̀, yóò ju owó ẹyọ sínú ẹ̀rọ tàbí kó fa káàdì, yóò mú ìbọn omi, yóò fọ ọkọ̀ rẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà ooru dára fún wa. Ìgbà tí òtútù dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Owó gáàsì oṣù January nìkan jẹ́ 2,140 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà tó ń wá nínú òtútù yìí kò ju 30 lọ lójúmọ́. Ọkọ mi ní omi gbígbóná tí àwọn èèyàn fi ń fọ ọkọ̀ ló ń jẹ wá lówó, pé ká kúkú pa á, kí wọ́n máa fi omi tútù fọ̀ ọ́. Ẹlòmíràn ní ká ta táńkì omi gbígbóná wa, ká ra èyí tí kò ní táńkì, tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó wà nínú yàrá ẹ̀rọ wa nìyí: bọ́ílà ńlá kan tó ń mú ilẹ̀ àwọn ìsọ̀ gbóná kí yìnyín má baà dì síbẹ̀ (wọ́n kọ 399,000 BTU sí i lára), àti táńkì omi gbígbóná kan tó ń lo gáàsì, tó ń gba 100 gálọ́ọ̀nù (wọ́n kọ 199,000 BTU sí èyí). Láti November ni ilẹ̀ ti ń gbóná láìdákẹ́. Bí mo bá débẹ̀ láàárọ̀, yóò ti gbẹ, yóò sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ bàtà mi. A tún ń jẹ́ kí omi máa kán lẹ́nu àwọn ìbọn omi àti búrọ́ọ̀ṣì tọ̀sán-tòru kí rọ́bà má baà dì. Àní lọ́jọ́ kan tí mo gbàgbé ìbọ̀wọ́ mi sílé, omi tó ń kán yẹn ni mo fi yá ọwọ́, torí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Táńkì omi gbígbóná náà máa ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu páìpù kan tó wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Arákùnrin tó ń bá wa tún nǹkan ṣe ní omi tí a ti fi owó wa sè ló ń ṣòfò yẹn, ló bá yí ìdérí irin mọ́ ẹnu páìpù náà, ó dí i pa. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, kò jò mọ́. Ó tún bá wa fi páálí àti fóòmù dí ihò méjì tó wà lára ògiri, nítorí atẹ́gùn tútù tó ń gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe kékeré. Yàrá náà ti wá móoru débi pé ọmọkùnrin tó ń bá wa gbálẹ̀ máa ń lọ jókòó síbẹ̀ yáná, àfi orí tó kàn ń fọ́ ọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè ṣe tí owó gáàsì yìí yóò fi wálẹ̀?

Ìyá Ìbejì,
Indianapolis, Amẹ́ríkà.

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrójú. Mo dúpẹ́ pé ẹ kọ nọ́ḿbà fóònù yín sábẹ́ lẹ́tà, torí n kò lè dúró dìgbà tí ìwé ìròyìn yóò jáde kí n tó dá yín lóhùn. Ohun tí mo sọ fún yín lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ tún sọ níbí, nítorí ẹlòmíràn tó lè ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìmọ̀.

Mo ní kí ẹ pa gáàsì láti ìta, ti táńkì àti ti bọ́ílà. Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kan ìdérí irin yẹn, kí ẹ má ṣe yọ ọ́, kí ẹ má sì fa ohunkóhun lára fáàfù náà nígbà tí táńkì ṣì gbóná. Kí ẹ ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ ibẹ̀ títí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì iṣẹ́ náà yóò fi dé. Mo ní kí ẹ gbé ọmọkùnrin yẹn lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ti ń jókòó ti iná gáàsì nínú yàrá tí wọ́n dí ihò rẹ̀.

A óò dé orí ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ìdérí irin, páálí tó wà lójú ihò, àti orí fífọ́ ọmọ yẹn, ohun mẹ́ta tí ẹ kàn mẹ́nu bà kọjá, ló gba oorun lójú mi. Kì í ṣe 2,140 dọ́là.

Páìpù tó ń jò yẹn kì í ṣe páìpù lásán. Bí ẹ bá tẹ̀ lé e lọ sókè, ẹ ó bá fáàfù idẹ kan tó ní ọwọ́ irin kékeré lórí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nídìí fáàfù náà tó ti ẹnu bọ inú omi, òun ló ń gbọ́ bí omi ṣe gbóná tó. Bí ìfúnpá inú táńkì bá dé 150 psi (pọ́n-ùn lórí íńṣì onígun mẹ́rin kan), tàbí bí omi bá gbóná dé 210 dígírì Fahrenheit, fáàfù yìí yóò ṣí fúnra rẹ̀, yóò sì da omi sílẹ̀. Thermostat, ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n ooru omi, lè bàjẹ́. Ẹ̀rọ tó ń pa gáàsì lè há. Fáàfù yìí ni ọdẹ tó kù lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti sùn. Kò nílò iná mànàmáná, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wà nítòsí. Ẹnu páìpù rẹ̀ nìkan ló fẹ́ kó ṣí.

Gbogbo wa la ti rí ọmọrí ìkòkò tó ń jó lórí omi tó ń hó. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń jó, kò séwu, èéfín ń rí ọ̀nà jáde. Ẹ wá rò ó bí ẹ bá fi wáyà so ọmọrí náà mọ́ ìkòkò pinpin, tí ẹ sì ń koná mọ́ ọn. Omi inú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀ kò lè gbóná ju 212 dígírì lọ, torí yóò máa hó dànù. Omi inú táńkì tí a dí kò rí àyè hó, ó kàn ń gbóná sí i ni, ó ń kọjá 212, ó ń lọ sí 250, ó ń lọ sí 300, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó dúró tì í kò ní rí nǹkan kan lójú. Ọjọ́ tí irin táńkì bá ya, omi náà yóò di èéfín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Omi lítà kan tó bá di èéfín pátápátá yóò fẹ́ àyè tó tó 1,600 lítà. Kò sí ògiri búlọ́ọ̀kù tó lè dúró dè é.

Ní ọjọ́ 19 oṣù January ọdún 1982, ní Spencer, ìlú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oklahoma City, àwọn ọmọ iléèwé Star Elementary jókòó nínú gbọ̀ngàn oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn ògiri, nílé ìdáná, táńkì omi gbígbóná kan wà níbẹ̀ tí kò ju 80 gálọ́ọ̀nù lọ. Ẹ̀rọ tó yẹ kó pa gáàsì rẹ̀ kọṣẹ́. Fáàfù ààbò rẹ̀ náà kò pé: irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó máa gbọ́ bí omi ṣe gbóná tó kò sí nídìí rẹ̀. Táńkì náà bú, ó wó ògiri lu àwọn ọmọ náà. Ọmọdé mẹ́fà àti olùkọ́ kan kú.

Tiyín, Ìyá Ìbejì, 100 gálọ́ọ̀nù ni.

Ẹ ṣàkíyèsí nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀, 199,000. Kò ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ omi gbígbóná tó bá kọjá 200,000 BTU ní wákàtí kan, tàbí tí táńkì rẹ̀ kọjá 120 gálọ́ọ̀nù, ti bọ́ sábẹ́ òfin bọ́ílà: wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ọ́ ní ìlànà ASME, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, wolé-wolé bọ́ílà yóò máa wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ó sì gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Àwọn tó ń rọ táńkì mọ èyí, wọ́n sì ń rọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní 199,000 kó má baà kan òfin náà. Nítorí náà, wolé-wolé lè wá wo bọ́ílà ńlá yín lọ́dọọdún, kó má sì sí ẹni tí òfin rán láti wo táńkì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò sẹ́ni tó ń wò ló ní ìdérí irin lẹ́nu. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ilé ìfọṣọ, ilé oúnjẹ tàbí ilé ìṣerun lókè òkun lọ ka nọ́ḿbà ara táńkì wọn. Bí ẹ bá bá 199,000 níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni wolé-wolé.

Òfin yìí kì í ṣe ọgbọ́n ìjọba láti gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò, bí mo ti máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Bọ́ílà bú nílé iṣẹ́ bàtà Grover ní Brockton, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní ọjọ́ 20 oṣù March ọdún 1905, èèyàn 58 sì kú. Ọdún 1907 ni Massachusetts gbé òfin bọ́ílà kalẹ̀. Àní ọ̀rọ̀ ẹnu páìpù tó ń jò yìí náà wà nínú ìlànà. Páìpù náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀ tààrà títí yóò fi kù tó íńṣì 6 kó kan ilẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi fáàfù kankan sí i lágbedeméjì. Ẹnu rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ní eyín tí a lè yí ìdérí mọ́, torí àwọn tó ṣe ìlànà náà mọ̀ pé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó ń ro ti owó yóò fẹ́ dí i. Ẹni tó to páìpù yín ṣì í ṣe kí arákùnrin yìí tó dé. N kò pè é ní ènìyàn búburú. Ó fẹ́ gbà yín lówó òfò ni.

Kí ló wá ń mú kó jò? Ó ṣeé ṣe kí fáàfù náà ti gbó. Ṣùgbọ́n nílé ìfọmọ́tò, ohun mìíràn ló sábà máa ń fà á. Òfin ní kí ẹ fi fáàfù kan sójú ibi tí omi ìlú ti ń wọlé, tí kì í jẹ́ kí omi ọlọ́ṣẹ padà sínú omi tí ará ìlú ń mu. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ omi tó bá gbóná máa ń wú. Omi 100 gálọ́ọ̀nù tó lọ láti 45 dígírì sí 140 yóò fi gálọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ pọ̀ sí i. Kò lè padà sí ojú títì mọ́, kò sì sí àyè nínú táńkì, ìfúnpá ń ga, fáàfù ààbò ń tu ú dànù díẹ̀díẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni táńkì kékeré kan tí rọ́bà àti atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń so mọ́ páìpù omi tútù kí omi tó wú lè rí ibi sá sí. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ fáàfù ààbò náà pátápátá, torí èyí tó ti ń jò tí wọ́n sì ti dí kò ṣeé fọkàn tán mọ́, kí wọ́n sì so táńkì kékeré yẹn mọ́ ọn. Omi tó ń kán níbẹ̀ kò tó owó tí à ń wá rárá. Bí ó bá sì jẹ́ ara táńkì fúnra rẹ̀ lẹ ti rí ìjò, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtúnṣe, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ní St. Louis lọ́dún 2017, wọ́n rí ìjò lábẹ́ táńkì èéfín ilé iṣẹ́ páálí kan lọ́jọ́ Friday, wọ́n ní ó di ọjọ́ Monday kí wọ́n tó tún un ṣe. Láàárọ̀ Monday náà, ọjọ́ 3 oṣù April, ìdí táńkì ya, ó fò gba òrùlé jáde, ó sì já sórí òrùlé ilé iṣẹ́ ẹlòmíràn. Èèyàn mẹ́rin kú, mẹ́ta nínú wọn kò tilẹ̀ bá ilé iṣẹ́ páálí yẹn ṣiṣẹ́.

Ihò ara ògiri wá ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbé nílé mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń ṣe fún ìdílé tó bá gbé e sùn sínú ilé. Ohun kan náà ni, carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Iná gáàsì tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó ló ń mú un jáde. Ìlànà tó wà fún ihò méjì tó kọjú síta, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ni pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní íńṣì onígun mẹ́rin kan fún 4,000 BTU. Ẹ̀rọ yín méjèèjì jẹ́ 598,000 lápapọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ihò yẹn yóò tó 150 íńṣì onígun mẹ́rin, ìyẹn íńṣì 10 ní ìbú àti íńṣì 15 ní gígùn, láìka ibi tí irin gbàgà ojú rẹ̀ gbà. Ẹ̀yin fi páálí dí méjèèjì. Orí ọmọ yẹn ń fọ́ bó bá jókòó síbẹ̀. Ẹ bi í léèrè bóyá ó máa ń fúyẹ́ bó bá délé. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é.

Tí òtútù yàrá náà bá ń dì yín ní páìpù, ẹ wé páìpù. Ẹ má dí ihò. Ẹ kó àwọn kẹ́míkà ìfọmọ́tò kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá èyí tí ẹ fi ń fọ irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti ohun tó bá jẹ mọ́ bílíìṣì. Iná bọ́ílà ń fa èéfín wọn wọlé, èéfín náà sì ń jẹ irin bọ́ílà láti inú. Ẹ ra agogo carbon monoxide, ẹ kọ́ ọ sára ògiri.

Ó yá, owó.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà, torí òun ni bàbá àwọn ìbejì dá lẹ́bi. BTU kan ni ooru tó ń mú omi pọ́n-ùn kan gbóná sí i ní dígírì Fahrenheit kan. Gálọ́ọ̀nù omi kan ní Amẹ́ríkà wọn pọ́n-ùn 8.34. Ká ní omi ń wọlé ní 45 dígírì nínú òtútù, tó sì ń jáde lẹ́nu ìbọn ní 105, dígírì 60 lẹ fi kún un, ìyẹn 500 BTU fún gálọ́ọ̀nù kan. Irú táńkì yín máa ń rí bíi 80 lò nínú 100 ooru gáàsì tó bá jó, ìyókù ń bá ihò èéfín lọ, nítorí náà 625 BTU lẹ ń sanwó rẹ̀. Ìbọn omi ń tú bíi gálọ́ọ̀nù 4 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 5 fọ ọkọ̀ lo 20 gálọ́ọ̀nù, 12,500 BTU. Ilé iṣẹ́ gáàsì ń ta á ní therm, therm kan sì jẹ́ 100,000 BTU. Nínú ìwé owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, therm kan ń lọ sí 1.20 dọ́là. Omi gbígbóná oníbàárà kan jẹ́ sẹ́ǹtì 15.

Sẹ́ǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré! Oníbàárà 30 lójúmọ́, 4.50 dọ́là. Lóṣù kan, 135 dọ́là nínú 2,140. Bí ẹ bá fún wọn ní omi tútù lórí ọkọ̀ tó kún fún iyọ̀ ojú títì, ẹ ó lé àwọn tó ń bọ́ yín dànù nítorí sẹ́ǹtì 15. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí omi tó ń bá ọṣẹ jáde gbóná, kí èyí tí wọ́n fi ń ṣan ọṣẹ kúrò jẹ́ tútù. Ọṣẹ ló nílò ooru. Ẹ fi táńkì sílẹ̀ ní 140 dígírì, kí kòkòrò Legionella má baà rí ibi gbé nínú omi tí ẹ ń fọ́n káàkiri, ṣùgbọ́n kí fáàfù tó ń da omi gbígbóná pọ̀ mọ́ tútù wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Omi 140 dígírì lè bó èèyàn lára láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, omi búrọ́ọ̀ṣì sì ń ṣàn lé ọwọ́ tààrà.

Ibi kan tí owó ń gbà lọ wà nínú gbólóhùn tí ẹ kọ nípa ìbọ̀wọ́ yín. Ẹ ní omi tó ń kán lẹ́nu ìbọn ní àárọ̀ yẹn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Omi tó ń kán kí rọ́bà má dì kò yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́! Ẹnì kan ti so ó mọ́ páìpù omi gbígbóná. Mo ní kí ẹ gbé ike omi lítà kan sábẹ́ ìbọn kan, kí ẹ wo aago. Ẹ ní ìṣẹ́jú méjì ló fi kún. Ìyẹn jẹ́ 30 lítà ní wákàtí kan, 720 lítà lójúmọ́, 190 gálọ́ọ̀nù. Ìbọn mẹ́rin, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́rin: 1,520 gálọ́ọ̀nù omi tí ẹ sè tán tí ẹ dà sójú gọ́tà, ojoojúmọ́, láìsí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Gáàsì rẹ̀ jẹ́ 9.5 therm, 11.40 dọ́là. Lóṣù, 342 dọ́là, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí gbogbo oníbàárà yín lò. N kò tíì ka owó omi fúnra rẹ̀, àti owó omi ìdọ̀tí tí ìlú ń gbà lé e lórí.

Omi tútù láti ojú títì ni kí ẹ so mọ́ ọn. Omi tó ń rìn ní 45 dígírì kì í tètè dì. Kí thermostat tó wà níta máa ṣí i bí ojú ọjọ́ bá wálẹ̀ dé 35, kó sì tì í bó bá gòkè. Kò gbọ́dọ̀ kán tọ̀sán-tòru láti November títí di March.

Ilẹ̀ ló jẹ ìyókù. Ìsọ̀ kan yín jẹ́ ẹsẹ̀ 15 ní ìbú àti ẹsẹ̀ 25 ní gígùn, mẹ́rin jẹ́ 1,500 ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin. Ká fi ooru 100 BTU ní wákàtí fún ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin kan, èyí tí kò pọ̀ jù fún ilẹ̀ tó wà ní gbangba, 150,000 BTU nìyẹn, ẹ ó sì jó 187,500 kí ẹ tó rí i, bí bọ́ílà náà bá ń rí bíi 80 lò nínú 100 bíi ti táńkì. Ó jẹ́ 2.25 dọ́là ní wákàtí kan, 54 dọ́là lójúmọ́, 1,620 lóṣù. Ẹ fi 342 àti 135 kún un, ẹ ó bá 2,097. Díẹ̀ tó kù kó pé 2,140 ni owó tí ilé iṣẹ́ gáàsì ń gbà lóṣooṣù yálà ẹ lo gáàsì tàbí ẹ kò lò ó.

Ilẹ̀ ilé ìfọmọ́tò kò gbọ́dọ̀ gbẹ, Ìyá Ìbejì. Kò gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ bàtà. Omi ń di yìnyín ní 32 dígírì, ilẹ̀ tó bá wà ní bíi 38 ti ṣe iṣẹ́ tí ẹ rán an, yóò wà ní tútù, yóò sì rin, ẹnikẹ́ni kò ní yọ̀ ṣubú. Ohun tó ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ọ̀run Indiana lẹ ń mú gbóná. Kí oníṣẹ́ wá wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n rì sínú kọnkéré tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe tutù tó. Ó jọ pé ó ti kú, tàbí pé ẹnì kan fi ọwọ́ tan bọ́ílà náà láti November tí kò sì padà dé ibẹ̀. Lóru tó bá le jù, ẹ ti ìsọ̀ méjì pa, ẹ dá ooru ilẹ̀ wọn dúró, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ fẹ́ omi kúrò nínú páìpù wọn, kó má baà bẹ́. Bí ilẹ̀ bá ń gbóná ìdajì àsìkò tó ń gbóná báyìí, 810 dọ́là ti bọ́ sápò yín. Pẹ̀lú ti omi tó ń kán, ìwé owó yín lè máà dé 1,000 dọ́là mọ́ nínú oṣù tó tutù jù lọ.

Ẹ̀rọ tí kò ní táńkì tí wọ́n ní kí ẹ rà ńkọ́? Kí ẹ má tíì rà á. Bó bá tilẹ̀ ń lo 95 nínú 100, ìdá 16 nínú 100 owó omi gbígbóná ni yóò dín kù, omi gbígbóná yín kò sì tó nǹkan bí ẹ bá ti yọ èyí tó ń kán kúrò. Bí owó bá wà lọ́jọ́ iwájú, bọ́ílà ilẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀. Omi tó ń padà bọ̀ láti inú ilẹ̀ máa ń tutù, bọ́ílà àtijọ́ kò sì fẹ́ràn rẹ̀: bó bá tutù ju bíi 130 dígírì lọ, èéfín gáàsì yóò máa di omi kíkan nínú rẹ̀, yóò máa jẹ irin. Ẹ yẹ ihò èéfín rẹ̀ wò bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀. Irú bọ́ílà tuntun tí wọ́n ṣe kó máa gba ooru inú èéfín náà padà, omi tútù ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ tún ní kí wọ́n ṣí ìdí táńkì, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Omi Indiana le, ó ń fi èépá funfun bí ẹfun sílẹ̀ nídìí táńkì, níbi tí iná wà gan-an. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró gbù-gbù bí ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó, òun nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo àtúnṣe bá parí, ẹ kọ nọ́ḿbà mítà gáàsì sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá, ẹ tún kọ ọ́ ní aago márùn-ún ìdájí kí oníbàárà tó dé. Ohun tó bá lọ láàárín méjèèjì, kì í ṣe oníbàárà ló lò ó. Ẹ máa ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Mo ti bá Ìyá Ìbejì sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó parí ìdáhùn yìí. Dókítà rí carbon monoxide nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin náà, ó ti gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ sì ti yá. Fáàfù tuntun ti wà lórí táńkì, páìpù rẹ̀ wálẹ̀ tààrà, ẹnu rẹ̀ ṣí. Páálí ti kúrò lójú ihò méjèèjì.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, tí táńkì omi gbígbóná wà nílé yín, ní ṣọ́ọ̀ṣì yín tàbí níbi iṣẹ́ yín, ẹ dìde lónìí, ẹ lọ wo ẹnu páìpù yẹn. Bí ẹ bá rí ohunkóhun tó dí i, ẹ pa gáàsì, ẹ jáde, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.